Oúnjẹ Ọmọ Ọwọ́ Nínú Bàálù

Ní Bódìjà, ní Àgbowó àti ní gbogbo agbègbè Ring Road, àwọn ìyàwó tí ń gbé ọmọ lọ bá ọkọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ níwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tọkọtaya tí ń gbé ọmọ dání lọ sí Umra. Bí wọ́n bá wá sí mọ́sálááṣí fún àdúà ìrìn-àjò, mo máa ń bi ìyá ọmọ pé, "Kí ni ọmọ yóò jẹ lọ́nà?" Púpọ̀ a dáhùn pé, "Alfa, wọ́n á fún wa lóúnjẹ nínú bàálù." Oúnjẹ àgbà ni wọ́n ń wí o!

Ẹ jẹ́ kí a ka wákàtí rẹ̀. Láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìkẹjà ni ọmọ Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò. Ẹni tí ó kúrò ní Challenge, tí ó kọjá Ògèrè àti Ṣàgámù, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró ní Ìbàfò, tí ó sì gbọ́dọ̀ dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ọmọ rẹ̀ lè lo wákàtí mẹ́rìnlá kí ó tó tún fojú kan ilé ìdáná. Oúnjẹ wákàtí mẹ́rìnlá ni kí ẹ dì, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e.

Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú ni ara tù jù. Ọmú kì í kan, kò fẹ́ iná, ìbòrí wa sì tó láti bo ara. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò ohun mìíràn, kò nílò omi pàápàá. (Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà kò ní gbà, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n.)

Wàrà alágolo ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àwọn kan a pò ó sínú fídà mẹ́rin ní Bódìjà láàárọ̀, wọn a fún ọmọ mu lálẹ́. Ẹ má ṣe é! Wàrà tí a pò tí kò sí nínú fíríìjì kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ, nítorí kòkòrò àìsàn a máa pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ ọwọ́ lókè òfurufú, omi ara rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ, dókítà sì lè má sí nítòsí. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni kí ẹ wọ̀n sínú ike kéékèèké tí ó mọ́. Bí ebi bá ń pa ọmọ, ẹ bèèrè omi gbígbóná lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bàálù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí omi náà má dín ní ìwọ̀n 70 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, nítorí ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ lè ní kòkòrò. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ kán an sẹ́yìn ọwọ́ wò. Èyí tí ọmọ bá mu kù, ẹ dà á nù, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó.

Láti 2006 ni ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ti fi òfin de ohun olómi tí ó ju mìlílítà 100 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ wàrà àti oúnjẹ ọmọ sílẹ̀. Ẹ mú un jáde lọ́tọ̀ kí ẹ̀ṣọ́ tó bèèrè.

Fún ọmọ tí ó ti ń rìn, ẹ di búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Mọ́ínmọ́ín dára, ṣùgbọ́n kí ó jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó wọ bàálù. Ẹ̀pà lè há a lọ́fun. Oyin, bí a ti mọ oore rẹ̀ tó nínú ẹ̀sìn wa, kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ọmọ kò lè ṣẹ́gun.

Ó ku ti etí. Bí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ a máa ti etí ọmọ láti òde, a sì máa dùn ún gan-an. Àgbà a gbé itọ́ mì, etí rẹ̀ a sì là. Ọmọ ọwọ́ kò mọ èyí, igbe ni yóò ké. Nítorí náà, ẹ má fi ọmú tàbí fídà tán ṣáájú. Gbàrà tí bàálù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, nígbà púpọ̀ ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kí ó tó balẹ̀, ẹ fi sí i lẹ́nu kí ó máa mu ún. Bí ó bá ń sùn, ẹ jí i. Ọmọ tí ọ̀fìnkìn bá ń yọ lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, nítorí irú wọn ni etí máa ń dùn jù.