Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ohun tí ọmọ yín ń bá jà nínú kọ̀ǹpútà

Bí ọmọ yín tó wà ní yunifásítì bá wá sílé fún ìsinmi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ ó rí i pé àwọn àbúrò rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Géèmù ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá rí ọmọ kékeré kan nínú rẹ̀, tí orí rẹ̀ rí rogodo, tó wà ní ìhòòhò, tó ń sunkún, ẹ má rò pé eré ọmọdé ni.

The Binding of Isaac ni wọ́n ń pè é. Edmund McMillen, ará Amẹ́ríkà, àti Florian Himsl ló gbé e jáde lọ́dún 2011. Ìtàn Ábúráhámù àti Ísáákì ni wọ́n yí padà: ìyá Ísáákì gbọ́ ohùn kan láti òkè pé kó fi ọmọ rẹ̀ rúbọ, ọmọ náà rí ihò lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ló bá bẹ́ sí ìsàlẹ̀ ilé. Eṣinṣin, aràn, aláǹtakùn, títí kan ìgbẹ́ tó lójú, ló ń bá a jà níbẹ̀. Omijé rẹ̀ sì ni ọta ìbọn rẹ̀! Ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì ń kóni nírìíra. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ lọ́dún 1938 mọ̀ pé irú iwin bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Àmọ́ ìyá tó fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún méje ń wò sùn. Ní Yúróòpù, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀dà tó jáde lọ́dún 2014 pé kò yẹ ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16. Bí àbúrò bá ń ta jí lóru, ẹ má nà án. Ẹ ní kó ròyìn ohun tó rí fún yín.

Ti ẹ̀gbọ́n tó ń gbá géèmù, oorun ni. Bí Ísáákì bá kú, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń padà sí, géèmù náà á sì ti tún àwọn yàrá tò lọ́nà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí “ẹyọ kan sí i” kì í fi í tán títí àkùkọ á fi kọ. Ọmọ ọdún 13 sí 18 sì nílò oorun wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Èmi ò fara mọ́ kí ẹ já kọ̀ǹpútà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjà lásán nìyẹn ń dá sílẹ̀. Ẹ bá a ṣàdéhùn kó tó tàn án: bí Ísáákì bá ti kú lẹ́ẹ̀mejì, ó parí.

Lọ́dún 2019 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí àmujù géèmù wà lára àìsàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022. Kì í ṣe ẹni tó gbá géèmù mọ́jú lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń bá wí o. Ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́ ni, tó pa ẹ̀kọ́ àti ọ̀rẹ́ tì, tó ń rí ìpalára rẹ̀ síbẹ̀ tí kò jáwọ́, tó sì ti ń bá a bọ̀ fún bí ọdún kan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ, kí dókítà bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi pàṣán lé ẹ̀mí àìrí jáde.