Ọmọ Tí Wọ́n Rán Ní Wàrà

Bí ìyá kan bá rán ọmọ rẹ̀ ní wàrà ní Ọjà Ọba n'Ílọrin, kì í kọ nǹkan kan sínú ìwé fún un. Á kàn ní, "Ọ̀dọ̀ ìyá Fúlàní tó ń jókòó nídìí igi yẹn ni kó o lọ o." Àwòrán kan ni ọmọ á gbé sórí lọ: igi, igbá, bí wọ́n ṣe to wàrà sínú rẹ̀. Bí ẹlòmíì bá ti jókòó síbẹ̀, tó gbé irú igbá bẹ́ẹ̀ síwájú, ọwọ́ onítọ̀hún lọmọ á ti rà á. Ìgbà tí ìyá bá tọ́ ọ wò nílé ni àṣírí á tó tú.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni àwọn lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ àmì ìdánimọ̀ ọjà ń rò níwájú adájọ́ láti ọdún dé ọdún. Ẹ má fojú ẹjọ́ olè wò ó. Nínú ẹjọ́ olè, wọ́n á wá ẹni tó rí i nígbà tó ń fo ògiri. Níbí, kò sẹ́ni tó fara pamọ́. Ìgò méjì ló wà lórí tábìlì, ọ̀sán gangan. Adájọ́ kò kàn ní kó wọn tira wọn, kó máa wá ìyàtọ̀ wọn, torí oníbàárà kì í gbé ìgò ti àná dání lọ sọ́jà. Ohun tó kù lórí rẹ̀ ló fi ń rajà.

Ẹ wo Lucozade, tí ọ̀pọ̀ wa ti gbé lọ kí aláìsàn rí. Beecham ló ni ín nígbà náà. Ilé iṣẹ́ mìíràn gbé Glucos-Aid jáde. Lórí ìwé, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jọra. Àmọ́ ẹ fẹnu pè wọ́n, kí ẹ pè wọ́n bí ẹni tó ń kánjú lọ sọ́sibítù. Ní 1985, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá Beecham láre. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀: Ferodo pe Ibeto lẹ́jọ́ lórí páálí búréèkì, ṣùgbọ́n Union ni wọ́n kọ sára ti Ibeto, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò sì dá Ferodo láre ní 2004.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí ni ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ òfì wa. Òfin ọdún 1970 gbà kí ahunṣọ fi orúkọ sílẹ̀ fún ọnà tuntun. Ọdún 5 ni ìforúkọsílẹ̀ náà máa ń lò, ó sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kó pé 15. Tuntun ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ọnà tí àwọn baba ńlá wa ti ń hun kì í ṣe tẹnì kan, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ahunṣọ tó gbé ọnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ sọ́jà kó tó gbé e lọ forúkọ sílẹ̀ ní Àbújá ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí aráyé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ẹ bí kò bá fi kọ́ ìsọ̀? Òfin yìí le jù fún ẹni tó jẹ́ pé ìsọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìpolówó tó ní. Ìdí òfì ló yẹ kí lọ́yà ti máa bá a, kí aṣọ tó dọ́jà.

Ti orin sàn díẹ̀. Ẹni tó ń kọ Dàdàkúàdà bíi ti Odòlayé Àrẹ̀mú kò ní láti fi orúkọ sílẹ̀ níbì kankan kí orin tó jẹ́ tirẹ̀. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023 sì dáàbò bò ó fún ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tí olórin kú. Kìkì pé orin náà gbọ́dọ̀ ti wà lára nǹkan: ìwé, káṣẹ́ẹ̀tì, fóònù. Èyí tó kàn dá níbi ìnáwó, tó bá afẹ́fẹ́ lọ, kò sí lọ́yà tó lè gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tó wà n'Ílọrin. Nítorí náà, bí ọmọ olórin bá wọlé pẹ̀lú omijé pé wọ́n ti fi orin bàbá òun polówó ọjà, lọ́yà á fún un níjòókòó, á sì kọ́kọ́ bi í pé, "Ta ló gbà á sílẹ̀? Níbo ni káṣẹ́ẹ̀tì náà wà?"