Ojúṣe Olórí nínú Ààbò Àṣírí Iléeṣẹ́: Àpẹẹrẹ láti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ọwọ́ olórí ni ààbò àṣírí iléeṣẹ́ wà. Láàrin àwọn Ògbóni Ẹ̀gbá, ìmùlẹ̀ de Olúwo tí í ṣe olórí gẹ́gẹ́ bí ó ti de ọmọ awo. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ọ̀gá tí ó bá fi ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó fi ń ṣí i lé akọ̀wé lọ́wọ́ ti ba ààbò náà jẹ́. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti ọdún 2023 pàṣẹ pé bí àṣírí bá tú, tí ó sì lè pa ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ín lára, kí iléeṣẹ́ fi tó àjọ ìjọba létí láàárín wákàtí 72 tí ó mọ̀. Nítorí náà, olórí ni kí ó kọ́kọ́ pa òfin mọ́.