Ṣé O Mọ̀? Géèmù Tí Òǹwòran Gbádùn Ju Ẹni Tó Ń Ta Á Lọ

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1983 tí wọ́n dá LASU sílẹ̀ ní Ojo náà ni géèmù kan jáde ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ kàtúùnù gidi, èyí tí wọ́n fọwọ́ yà? Dragon's Lair lorúkọ ẹ̀. Rick Dyer ló ro ó, Don Bluth tó ti kúrò ní Disney lọ́dún 1979 ló kó àwọn ayàwòrán jọ, ilé iṣẹ́ Cinematronics ló gbé e jáde.

Ṣé o mọ̀ pé sẹ́ǹtì 50 ni wọ́n ń gbà láti ta á lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí géèmù yòókù ń gba 25? Nígbà yẹn dọ́là kan ò tó náírà kan. Sẹ́ǹtì 50 ò ju nǹkan bíi kọ́bọ̀ 36 lọ. Má sunkún, jẹ́ ká máa lọ.

Ṣé o mọ̀ pé kàtúùnù inú ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ? Orí laserdisc ló wà, díìsì tó fẹ̀ tó àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń ta á ò fi bẹ́ẹ̀ darí nǹkan kan? Dirk, akọni inú géèmù náà, fẹ́ gba Daphne ọmọ ọba lọ́wọ́ dírágónì, ọ̀nà tó máa gbà sì ti wà nílẹ̀. Tìẹ ni kó o ti ọ̀pá ìdarí sọ́tùn-ún, sósì, sókè tàbí sísàlẹ̀, tàbí kó o tẹ bọ́tìnnì idà, lásìkò gẹ́lẹ́. Bó o bá fi pẹ́ díẹ̀, Dirk ti kú nìyẹn. Á yíjú sí ẹ, ẹran ara á pòórá, egungun lásán á sì dúró tí á máa wò ẹ́. Ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn díẹ̀ kó tó rí ibi tó kàn lórí díìsì.

Àwọn kan ní àkọ́sórí lásán ni géèmù yìí, mi ò sì lè já wọn nírọ́. Àmọ́ wo àwọn tó ń wòran! Wọ́n pọ̀ débi pé àwọn onígéèmù kan gbé tẹlifíṣọ̀n kejì lé orí àpótí ẹ̀ kí ará ẹ̀yìn lè rí i. Bí ìdí ọpọ́n ayò ló rí: ẹni tí ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ ló ń pariwo jù. Lójú tèmi, àwọn wọ̀nyẹn ni ò jẹ́ kó parẹ́.

Ẹni tó bá mọ ọjà Alaba, lọ́dọ̀ àwọn elẹ́rọ, mọ irú ìdúró yẹn. Ọlọ́jà á tan tẹlifíṣọ̀n síta, ẹni tó yẹ kó wọ dánfó lọ sí Okokomaiko á dúró wò ó títí, kò sì ní ra nǹkan kan.

Ṣé o mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló gbòde lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe laserdisc? Orí kásẹ́ẹ̀tì ni Kenneth Nnebue gbé fíìmù Living in Bondage sí lọ́dún 1992. Lẹ́yìn náà ni VCD dé. Nígbà yẹn, tí tìẹ bá ń há, oníṣẹ́ Alaba á ní lẹ́ǹsì ẹ̀ ti ń kú, á mú òwú àti sìpíríìtì. Àìsàn kan náà ló ṣe Dragon's Lair, tiẹ̀ tilẹ̀ le jù: ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n rọ gáàsì sí ló ń tan iná ẹ̀rọ laserdisc Pioneer tó wà nínú ẹ̀, fíìmù ni wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ náà fún, kì í ṣe kó máa fò síwá sẹ́yìn látàárọ̀ dalẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n padà gbé e sórí DVD, tó jẹ́ rìmóòtù pálọ̀ lásán lo máa fi ta á? Irú ẹ̀rọ DVD tó kún Alaba nígbà kan ni.

Pong, Pac-Man àti Dragon's Lair wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2017, àwọn ọmọ inú eré tẹlifíṣọ̀n Stranger Things ta á.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó ṣì fẹ́ràn ẹ̀ ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ laserdisc náà? Daphne, orúkọ ọmọ ọba inú géèmù yẹn, ni wọ́n sọ ọ́.