Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀: Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Pààrọ̀ Rẹ̀ Nínú Ọgbà Yín

Bí Míkírà kan bá ń bọ̀ láti Omi-Àdìó, tí ariwo rẹ̀ ti dé Àpáta kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, gbogbo ẹni tó wà létí títì ló mọ̀ pé sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti bẹ́. Awakọ̀ á ní kò séwu, ariwo lásán ni, ọkọ̀ ṣáà ń rìn. Ewu wà o. Ariwo yẹn ló fúyẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Sàlẹ́ńsà tó bá lu ń tú májèlé sábẹ́ ìjókòó èrò, ó sì lè máa jẹ owó epo mọ́ ọlọ́kọ̀ lára láìfura. Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ á mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀, á sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ nílé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin, bó bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, epo á bú gbàmù nínú rẹ̀ nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Gbogbo ìbúgbàmù yẹn ló ń ti èéfín jáde, èéfín tó lè gbóná kọjá 600 dígírì Celsius. Mánífóòdù ló ń kọ́kọ́ gbà á, irin ẹlẹ́nu mẹ́rin tó so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tó kó ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ẹyọ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kátálíìsì. Ihò tóótòòtó ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium pa wọ́n lára. Bí èéfín bá ń gba ibẹ̀ kọjá, carbon monoxide inú rẹ̀ á di carbon dioxide, epo tí kò jóná tán á sì parí jíjó níbẹ̀.

Eugene Houdry, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó lọ ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló ṣe irú kátálíìsì yìí fún ọkọ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun níbẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ nígbà náà ni òjé tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù, nítorí òjé máa ń dì mọ́ ojú àwọn irin olówó iyebíye yẹn, wọn ò sì ní í lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní Dakar ní 2001 ló la ọ̀nà láti mú òjé kúrò nínú epo wa. Epo wa ti yẹ kátálíìsì báyìí, ṣùgbọ́n nítorí owó tó wà lára irin inú rẹ̀, àwọn kan ń gé e kúrò lábẹ́ ọkọ̀ tà, wọ́n á fi páìpù lásán dí àlàfo rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ bá yín yọ ọ́ kí ọkọ̀ lè sáré, ẹ má gbà. Ọkọ̀ kò ní í sáré sí i lọ títí. Májèlé ló máa pọ̀ sí i.

Sẹ́ńsọ̀ kan tún wà níwájú kátálíìsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo iye oxygen tó ṣẹ́kù nínú èéfín, kó sì ròyìn fún brainbox. Bí páìpù bá lu níwájú sẹ́ńsọ̀ yìí, afẹ́fẹ́ ìta á máa ráyè wọlé. Sẹ́ńsọ̀ á ròyìn pé epo kò tó, brainbox á sì máa da epo sí i. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kò sí ọlọ́kọ̀ tó yẹ kó fojú kékeré wo irú àdánù bẹ́ẹ̀.

Agolo ńlá tó wà lẹ́yìn ló ń pa ariwo. Bí agbo ilé àtijọ́ n'Íbàdàn ni inú rẹ̀ rí: yàrá wọnú yàrá, ọ̀nà kótópó sì wà láàárín wọn. Ìró tó bá wọlé á kọlu ògiri, á padà sẹ́yìn, á pàdé ìró mìíràn tó ń bọ̀, wọn á sì máa pa ara wọn títí ohun tó máa jáde lẹ́nu páìpù á fi di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èéfín ní tirẹ̀ ń rí ọ̀nà gbà.

Kí ló wá ń jẹ irin yìí? Omi ni, inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni omi náà sì ti ń wá. Hydrogen inú epo á pàdé oxygen inú afẹ́fẹ́, wọ́n á di omi. Lítà bẹntiróòlù kan péré, bó bá jó tán, omi tó ń ti inú rẹ̀ jáde tó nǹkan bíi lítà kan. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, sàlẹ́ńsà á gbóná dé ìdí, omi náà á gbẹ, á bá èéfín jáde. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kàn ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ládùúgbò, tó tún padà wálé, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbóná tó. Omi á jókòó sísàlẹ̀ agolo, díẹ̀ nínú sulphur epo á pò mọ́ ọn, á di ásíìdì, á máa jẹ irin láti inú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé agolo ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹrà: òun ló jìnnà jù sí iná, òun ló tutù jù. Nílùú òyìnbó, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù tún ń jẹ ẹ́ láti ìta, tòkunbọ̀ mìíràn sì ti ru ìpẹtà yẹn wá láti ọ̀nà jíjìn. Tiwa níbí, kòtò àti bọ́ǹpù ló ń parí rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ojú ìta tàn yín. Ẹ fi orí sípánà kan agolo náà. Irin tó bá yè á dún gangan. Èyí tó ti jẹrà á dún pòkì, ẹ sì lè gbọ́ ìpẹtà tó ń dà wàrà-wàrà nínú rẹ̀. Bí wẹ́dà bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n lẹ̀ ẹ́ fún yín," lórí irin tó yè nìkan ni kẹ́ ẹ ti gbà fún un. Irin tó ti fẹ́lẹ́, bí iná bá ṣe ń kàn án náà ni ihò mìíràn ń yọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta imú. Bó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, bó ṣe ń dì mọ́ ọn le ju ti oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, oxygen kò sì ní í ráyè mọ́. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á wá máa kunni. Òun kan náà ló ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Ẹ wo Míkírà tó kó èrò sẹ́yìn, tó há sínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Dùgbẹ̀, tí òjò ń rọ̀, tí wọ́n sì ti gbogbo gíláàsì pa. Bí páìpù bá lu lábẹ́ wọn, ibi tí wọ́n jókòó sí ni májèlé ń gbà wọlé.

Ó yá, iṣẹ́ dé. Èyí tí wọ́n fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì so nìkan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ nílé. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti jó pọ̀ mọ́ra láti iwájú dẹ́yìn, ẹ gbé e lọ bá wẹ́dà. Ẹ ní kó yọ orí bátìrì kó tó tan iná, kí brainbox má baà jóná, kó sì ṣọ́ra gidigidi fún táǹkì epo.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fín WD-40 sí ìdí gbogbo nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, páìpù ti tutù. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú tó le, ẹ fi igi há táyà, ẹ fa búréèkì ọwọ́, kẹ́ ẹ tó fi jáàkì gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí. Búlọ́ọ̀kù pọ̀ nínú ọgbà gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbé ọkọ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, kì í sì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì, ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ sí i kí ìpẹtà lè já, kẹ́ ẹ wá yí i padà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kẹ́ ẹ lò, kó má baà bó orí rẹ̀. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀, ayùn irin ló kàn. Ẹ fi omi ọṣẹ pa àwọn rọ́bà tó gbé sàlẹ́ńsà kọ́. Wọ́n á yọ̀ jáde. Kí ẹnì kan bá yín di ẹ̀yìn rẹ̀ mú kó má baà já lù yín.

Ẹ gbé èyí tó ti jẹrà náà dání lọ sí Àráròmi, ọjà páàtì ní Géètì. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nílẹ̀: kí gígùn wọn, ibi tí wọ́n ti kọ́ àti àlàfo àárín ihò bóòtù wọn bára mu. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ mì í. Bí nǹkan bá ń dún nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Gásíkẹ́ẹ̀tì àti nọ́ọ̀tì tuntun ni kẹ́ ẹ rà, nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì tí iná ti tẹ̀ pẹlẹbẹ kì í di ẹnu páìpù mọ́.

Bẹ́ ẹ bá ń so ó, ẹ kọ́kọ́ gbé e kọ́ sórí rọ́bà, ẹ fọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé láìfún wọn. Ẹ wo bó ṣe dúró: kò gbọdọ̀ kan ara ọkọ̀, páìpù epo tàbí rọ́bà búréèkì. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ wá máa fún nọ́ọ̀tì láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti tan ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnì kan fi àkísà tó nípọn dí ẹnu páìpù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ṣìì níbi tí wọ́n ti so pọ̀, ó ń jò. Ẹ pa á, kó tutù, kẹ́ ẹ tún fún un. Èéfín díẹ̀ tó máa yọ lára páìpù tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àléébù, epo ara rẹ̀ ló ń jó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún fún gbogbo nọ́ọ̀tì náà, torí iná á ti tú wọn díẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yín bá ní orí ń fọ́ òun, ẹ ṣí gíláàsì, ẹ dúró, kẹ́ ẹ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò kẹ́ ẹ tó máa lọ.