Ilé Epo Ẹ̀bá Ọ̀nà Àtijọ́

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí a tó la ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin, ẹni tí ó bá wa mọ́tò láti Èkó lọ sí Benin a máa gba Ìbàdàn, Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ kọjá. Nígbà tí ọ̀nà tààrà dé, ọ̀pọ̀ awakọ̀ yà sí i. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti kúrò lójú ọ̀nà, òwò ẹ̀bá rẹ̀ a máa rọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní Amẹ́ríkà. Ní 1926 ni ìjọba sọ ọ̀nà láti Chicago dé Los Angeles ní Route 66. Ní ọdún náà gan-an, Henry Soulsby, awakùsà tí ìfarapa lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, fi owó tí ó tù jọ kọ́ ilé epo kékeré kan sí Mount Olive ní Illinois. Russell àti Ola, àwọn ọmọ rẹ̀, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Russell a sì tún máa tún rédíò ṣe níbẹ̀. Ọ̀nà ńlá titun gba èrò lọ. Ní 1985 ìjọba yọ orúkọ Route 66 kúrò nínú ìwé. Ní 1991 ilé epo náà dẹ́kun títa bẹntiróòlù. Síbẹ̀ a kò wó o. Wọ́n tún un ṣe, a sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè náà ní 2004.

Kí ni èyí kàn Àkúrẹ́ àti Oǹdó? Ó kàn wọ́n gidigidi. Ní agbègbè Aràròmí, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti òní, ni ilé-iṣẹ́ John Simon Bergheim ti gbẹ́ ilẹ̀ wá epo ní 1908, ọdún méjìdínláàádọ́ta ṣáájú ti Oloibiri. Ilé epo pẹ̀lú jẹ́ ìwé ìtàn: pátákó BP di African Petroleum ní 1979, nígbà tí ìjọba gba ilé-iṣẹ́ náà.

Àwa a máa tọ́jú ààfin, nítorí pé ti ọba ni. Ṣùgbọ́n ilé epo ìdílé, bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ a wo ilẹ̀ rẹ̀, wọn a rí i pé ó níye lórí ju ilé lọ, wọn a sì tà á. Ẹni tí yóò pa á mọ́ ní láti kọ́kọ́ fa epo inú táǹkì abẹ́ ilẹ̀ gbẹ, kí ó má baà jò sínú kànga aládùúgbò. Bí agbára kò bá ká títọ́jú ilé, kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì bi àwọn àgbà tí wọ́n ta epo níbẹ̀ léèrè. Bí a bá wó ilé tán tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sì kú, ta ni yóò ròyìn ọ̀nà náà fún ọmọ?