Àrùn tí ó ń pa ẹlẹ́dẹ̀ run

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń tà ẹlẹ́dẹ̀ láti san owó ilé ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n ibà ẹlẹ́dẹ̀ lè pa gbogbo wọn tán láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1997, ó wọ ilẹ̀ Benin, ó sì dé Tógò àti Nàìjíríà ní ọdún kan náà. Kò tíì tán nílẹ̀ wa.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Ara ẹlẹ́dẹ̀ á gbóná. Kò ní jẹun mọ́. Etí àti ikùn rẹ̀ á pọ́n. Kò ní pẹ́ kú. Kò sí oògùn tí ó ń wò ó. Àrùn yìí kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ènìyàn ń gbé e kiri.

Báwo ni ó ṣe ń ràn?

Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn. Ẹni tí ó bá sáré pa á tà ti gbé àrùn lọ sí ọjà.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ kọ́ ilé fún ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa jẹ̀ kiri.

2. Ẹ máa gbá ilé náà lójoojúmọ́. Ẹ ya bàtà kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ibẹ̀. Kí ẹni tí ó wá ra ẹlẹ́dẹ̀ dúró síta.

3. Ẹ se àjẹkù oúnjẹ kí ó hó dáadáa fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó fún wọn.

4. Ẹ ya ẹlẹ́dẹ̀ tuntun sọ́tọ̀ fún 30 ọjọ́.

5. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á. Ẹ tètè ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Ẹ gbẹ́ ihò jíjìn, kí ẹ sin ín.

Owó ẹlẹ́dẹ̀ kan kò tó ohun tí gbogbo abúlé yóò pàdánù.